Alẹ́ Ìdánwò Pọ́ọ̀lù àti Sílà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú ìjókòó, mo kí yín kú àfiyèsí. Ẹni tó ń kàwé lábẹ́ igi, ẹni tó ń kà á lórí ibùsùn, ẹni tí ọmọ ń fà láṣọ bó ti ń kà á lọ, gbogbo yín ni mo kí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òní, tó sì fún wa lójú inú tí a fi ń wo ọ̀la kó tó dé. Ìtàn tí mo gbé wá yìí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wa ló máa ṣẹlẹ̀ sí, bó bá máa ṣẹlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ológbò ò ní yí padà, mi ò sì rò pé èèyàn náà máa fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ ká wọlé tọ Màmá Dọ́kàsì lọ. Àlejò ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti dé ojú ẹ̀.

*

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

Màmá Dọ́kàsì ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbà náà ti wà lọ́rùn Sílà, ó fẹ́lẹ́ bí ewé àlùbọ́sà, ó sì tutù. Níbi tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ń retí àtàǹpàkò olówó ẹran, kó lè pa eré àti ariwo mọ́ ẹran náà lára. Ológbò náà jókòó sórí itan ìyá àgbà yìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Dúdú ni látòkè délẹ̀, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tó funfun bí ẹni pé ó tì í bọ inú ẹ̀kọ. Ó ń kùn, ó sì ń fi orí nu ọwọ́ tó fẹ́ dè é.

"Ṣé ó máa dùn ún?"

"Kò ní dùn ún, Màmá. Ìdí tí òfin fi ní ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kí ẹ̀rù má baà bà á."

"Ṣé ó ṣeé tú bó bá yá?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ wolẹ̀. Ìyùnadé lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ Àjọ Ìdákẹ́jẹ́ ni. Aṣọ eléérú ló wọ̀, ó sì wọ bàtà onírọ́bà tí kì í dún bó ti wù kéèyàn sáré tó. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbà kejì ṣì wà nínú rẹ̀, ti Pọ́ọ̀lù, ológbò kejì.

"Kò ṣeé tú, Màmá."

Ìyá àgbà náà gbójú sókè, ó wo iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, iná Etí, ẹ̀rọ tí Àjọ fi ń gbọ́ ohun tó ń lọ lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ń ní tọ̀sán tòru. Ní báyìí, ó ti di àwọ̀ ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà láti ọjọ́ Àìkú.

"Àná nìkan," ni Ìyùnadé sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Etí gbọ́ yín nígbà mọ́kànlélógún láàárín agogo kan sí agogo mẹ́ta òru. Bó bá tún gbọ́ yín, iná yìí máa pọ́n."

"Kì í ṣe èmi, ọmọ mi. Pọ́ọ̀lù àti Sílà ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Etí ni ò mọ̀. Ariwo inú ilé àti ariwo abẹ́ òkúta, ọ̀kan náà ni lójú tiẹ̀. Bí ológbò bá ń sáré lókè, kò lè gbọ́ omi tó ń jẹ òkúta nísàlẹ̀."

Màmá Dọ́kàsì mi orí. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ ní ìyẹn. Gbogbo ẹni tí òkun lé kúrò nílé tó sì gòkè wá kọ́lé lérí ara wọn ní Òkè Ìtura ló mọ̀ pé omi ò tíì fi wọ́n sílẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà tẹ̀ lé wọn wá. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ará Ilé Kẹrin ṣe ìkómọ, wọ́n sì jó mọ́jú. Omi ń họ òpó ilé náà lábẹ́, Etí ò gbọ́ ọ nítorí ijó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àjà mẹ́fà ti wọnú ara wọn. Jòsáyà ọkọ Màmá Dọ́kàsì wà lórí eékún nínú pálọ̀ yìí gan-an lóru ọjọ́ náà. Igbe ológbò ló gbọ́, ló bá dìde, ó tọ igbe náà wọnú àlàpà lọ. Ó kọ́kọ́ na fìlà rẹ̀ síta, ọmọ ológbò méjì ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọdébìnrin kan jáde. Lẹ́yìn náà, ó fa ìyá ọmọ náà jáde. Ìgbà tó tún wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin, òkúta ò jẹ́ kó jáde mọ́.

Nítorí pé inú òkùnkùn ni àwọn ọmọ ológbò náà ti gbóhùn sókè lọ́gànjọ́ òru, tí ilẹ̀ sì mì, ni ìyá yìí ṣe sọ wọ́n ní Pọ́ọ̀lù àti Sílà. Láti ọjọ́ náà ni òfin Ìdákẹ́jẹ́ ti dé, àti ẹ̀gbà, àti bàtà onírọ́bà. Òru kan náà ló bí òfin, òun náà ló bí àwọn tó ń rú u.

"Mo rí ológbò tó wọ ẹ̀gbà yìí ní àjà kejìlá," ni Màmá Dọ́kàsì wí. "Eku gba iwájú rẹ̀ kọjá. Eku yẹn ò tiẹ̀ sáré, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Ológbò náà kàn ń wò ó. Ojú rẹ̀ là, àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú ilé."

Ìyùnadé fi ẹsẹ̀ sún àpótí náà sẹ́yìn díẹ̀.

Bí wọ́n ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pá kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ọláòtán ni, tó ń gbé àjà kẹrìndínlógún, ní abẹ́ Màmá Dọ́kàsì gẹ́lẹ́. Aládùúgbò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ni Ìyùnadé sì ránṣẹ́ sí. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, oorun sì wà lójú rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ ò tíì parí? Ṣé ìgbéyàwó lẹ ń ṣe fún un ni?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Màmá Dọ́kàsì wí. "Ẹ jókòó. Ẹ má bínú sáwọn ológbò mi."

"Ológbò kẹ̀? Ẹ má pè wọ́n ní ológbò fún mi mọ́. Ẹṣin ni wọ́n! Lánàá mo lálàá pé mo wà ní pápá ìsáré ẹṣin, mo tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo lajú, ẹṣin ṣì ń sáré lórí àjà mi."

Ìyùnadé fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, kò sí ohun tí mi ò ṣe tán," ni ìyá náà wí. "Mo bá wọn wí, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo fòróró sí wọn lórí; Pọ́ọ̀lù lá ti orí Sílà, Sílà náà lá ti orí Pọ́ọ̀lù, wọ́n wá ń wò mí bóyá ó kù. Mo tì wọ́n mọ́ balùwẹ̀, wọ́n da korobá nù."

"Mo gbọ́ korobá náà."

"Ẹ má bínú."

"Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Àmọ́ èmi ò bá yín bí i, kí ló dé tí ẹ ń gbé e lé mi lórí?"

Ìyùnadé gbé wàláà rẹ̀ tó ń tàn sórí eékún. "Ìbéèrè kan ló kù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, Màmá. Kò sẹ́ni tó ka ìdáhùn rẹ̀ rí, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kí n fò ó. Ìgbà wo ni wọ́n ń jẹun, ìgbà wo ni wọ́n sì ń sùn?"

Ara ìyá náà yá gágá. Ìbéèrè tó lè fi yangàn nìyí. "Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn ò lábùkù! Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo ti fún wọn lóúnjẹ yó bámúbámú. Ní agogo méje, àwọn èèyàn àjà wa á ti tibi iṣẹ́ dé, lífítì á ti gbé wọn gòkè, wọ́n á wá fún àdúrà ìrọ̀lẹ́ níbí. Wákàtí ìparọ́rọ́ ni ọkọ mi máa ń pè é, ṣíbí kò gbọ́dọ̀ já bọ́. Torí náà, mo máa ń kó àwọn méjèèjì sínú apẹ̀rẹ̀, màá fi agbádá olóògbé bò wọ́n. Wọn kì í ké! Títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ ní agogo mẹ́jọ, oorun ni wọ́n ń sùn. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ológbò mi bẹ̀rù Ọlọ́run."

Bàbá Ọláòtán wò ó. Ó tún wo apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn àga, agbádá ń bẹ lórí rẹ̀ ní kíká. Lójijì, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi wúkọ́.

"Màmá Dọ́kàsì! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe mẹ́gádì nílé ìkẹ́rùsí. Ẹ wá gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń múra mi sílẹ̀ fún iṣẹ́. Tó bá di agogo mẹ́fà, ó máa fún mi ní iyán. Tí mo bá jẹ ẹ́ yó, ó máa faṣọ bò mí, ó máa lé àwọn ọmọ jáde kí wọ́n má pariwo. Tó bá fi máa di ọ̀gànjọ́, bí mo ṣe ń rìn káàkiri ọgbà, kòkòrò kan ò lè fò kójú mi má rí i. Ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n síṣẹ́ mẹ́gádì, ẹ tún wá ń bá wọn jà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá àgbà lákínyẹmí ara.

"Ẹran tó jẹun láìṣọdẹ," ni Bàbá tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "gbèsè eré ń bẹ lára rẹ̀, ibi tó bá bá a ló máa san án. Ẹ jẹ́ kó sáré, kó lé nǹkan, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Lẹ́yìn náà kó jẹun. Á lá ara rẹ̀, á sùn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Kí n jẹ́ kí wọ́n sáré ní agogo márùn-ún nígbà náà?"

"Kí wọ́n wá sùn ní mẹ́fà, kí wọ́n jí ní méjìlá? Ẹ ò gbọ́ mi. Wákàtí tó kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Wákàtí tí Etí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí."

Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni Etí ń ṣí, kì í sì í padé títí di agogo márùn-ún ìdájí. Wákàtí tó ṣáájú mẹ́jọ ni wákàtí àdúrà.

Màmá Dọ́kàsì fa ẹ̀gbà náà yọ lọ́rùn Sílà láìtẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí àpótí. "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé alẹ́ ìdánwò wà nínú òfin yín."

"Ó wà, Màmá." Inú Ìyùnadé ò dùn. "Alẹ́ kan ṣoṣo ni. Bí iná bá pọ́n, a ò ní bi yín léèrè ẹ̀gbà mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, màá wá kó àwọn méjèèjì, ẹ ò sì ní rí wọn mọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, ó kéré tán, wọ́n á wà lọ́dọ̀ yín."

"Wọ́n á wà lọ́dọ̀ mi," ni ìyá náà tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń rántí ojú ológbò àjà kejìlá. Ó sì ń rántí Ilé Kẹrin. "Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni omi ń jẹ ilé lálẹ́ òní ńkọ́, tí eré àwọn ẹran mi ò sì jẹ́ kí Etí gbọ́?"

Bàbá Ọláòtán sún mọ́ wọn. Ó fa wàláà náà, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Ẹṣin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí tán," ló wí, "kí n fi alẹ́ kan kún un."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá Dọ́kàsì nìkan ló kù pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agogo mẹ́fà lù. Pọ́ọ̀lù, tí irun rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn tó gbó, wá jókòó sídìí àwo, ó ń ké. Ìyá náà ò fún un. Ó ń ro ti ọkọ rẹ̀. Kí ni Jòsáyà máa sọ tó bá rí ológbò tó ń fò lórí àwọn tó ń kúnlẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yẹn fi dárí àdúrà ìrọ̀lẹ́, kò sì fàyè gba ikọ́ lásán. Ta wá ni òun láti sọ ilé àdúrà di pápá ìsáré ẹṣin? Ó tilẹ̀ na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Ó gbé agbádá náà sókè.

Ibẹ̀ ni ìrántí kan ti bà lé e. Òru ọjọ́ náà, Jòsáyà wà lórí eékún, ó ti ń bọ̀ níparí àdúrà, nígbà tí igbe ológbò gba ojú fèrèsé wọlé. Kò dúró parí rẹ̀, kò ṣe àmín. Òun tó ní ṣíbí kò gbọ́dọ̀ já bọ́ nígbà àdúrà, ó dìde lórí eékún, ó sì lọ.

Màmá Dọ́kàsì wo agbádá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta lòun tilẹ̀ ń tì wọ́n mọ́lé fún? Ọlọ́run kò ráhùn rí. Àwọn èèyàn ló ń yin òun, ìyìn náà ló ń dùn mọ́ òun. Ẹni tó dá wákàtí àdúrà náà ló dá ológbò.

Ó so agbádá kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wá òwú gígùn kan, ó so ìyẹ́ ẹtù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní agogo méje, èèyàn mọ́kànlá ló jókòó ní pálọ̀. Ẹni kejìlá wọlé, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Bàbá Ọláòtán ni, tí kò tí ì wá síbi àdúrà rí.

"Mo wá wòran ni," ló wí. "Ẹ má retí pé kí n kọrin."

Màmá Dọ́kàsì dá orin. Bí ohùn àwọn èèyàn ti gbà á, ó fa òwú. Ìyẹ́ náà rìn gba abẹ́ tábìlì, ó dúró, ó tún rìn. Ojú Pọ́ọ̀lù là rokoṣo, ìdí rẹ̀ ń mì. Ó fò! Ó gba ẹ̀yìn ìyàwó ilé kejì tó kúnlẹ̀, ó balẹ̀ sáàárín ìwé orin. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín nínú ẹsẹ kejì. Ẹlòmíràn gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ẹlòmíràn tú u kọ. Nígbà tó kan àdúrà, tí ìyá náà ní láti di ojú, ó ṣàdédé rí i pé òwú ti kúrò lọ́wọ́ òun. Bàbá Ọláòtán ló gbà á. Mẹ́gádì àtijọ́ náà ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Sílà, ó ń sá lọ o! Ọ̀lẹ ni ọ́, ó ń sá lọ!" Wọn ò tíì gbàdúrà báyìí rí lójúlé yẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó lu mẹ́jọ, Bàbá jẹ́ kí àwọn ológbò mú ìyẹ́ náà, wọ́n sì fà á ya pátápátá. Ìgbà yẹn ni ìyá náà tó bu ẹja gbígbẹ fún wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n lá etí, wọ́n sì wó lulẹ̀ lórí ẹní àdúrà bí aṣọ tí wọ́n bọ́ jù síbẹ̀.

Agogo mẹ́jọ lù. Iná ilé rẹ̀yìn. Etí ṣí.

Ìyá àgbà náà ò sùn. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára iná ẹnu ọ̀nà. Agogo mẹ́wàá kọjá, méjìlá kọjá. Ní agogo kan, tí ẹṣin máa ń jáde, ó di aṣọ ìbora mú. Kò sí nǹkan kan. Ó gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí láti ọdún mẹ́ta: mímí ara rẹ̀, ikọ́ kékeré tí Bàbá Ọláòtán hú nísàlẹ̀. Lẹ́yìn agogo méjì, Sílà dìde. Ìyá náà gbé orí sókè. Ológbò náà na ara, ó wo ojú fèrèsé, ó wo tábìlì tó máa ń ti orí rẹ̀ fò. Ó rò ó wò fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rìn wá, ó gun ibùsùn, ó ká jọ sórí ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì tún sùn.

Ayọ̀ kún un nígbà náà débi pé ẹ̀rù bà á. Orin ọpẹ́ gun ọ̀fun rẹ̀ wá, ó ń ti eyín rẹ̀ láti inú. Ẹnu tó ti ń bẹ ológbò pé kí wọ́n dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, òun gan-an ló wá fẹ́ pariwo! Ó ti etí ìrọ̀rí bọnu, ó géyín sí i, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta.

Agogo márùn-ún lù. Etí padé. Iná ẹnu ọ̀nà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì di àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bà sórí agbádá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Màmá Dọ́kàsì tu ìrọ̀rí jáde. Gbogbo orin tó ti kó jọ ò rántí ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ké e débi pé àwọn ológbò méjèèjì fò dìde:

"Àmín!"

Ọ̀pá kan àjà láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àmín náà ni!" ni ohùn Bàbá Ọláòtán wí. "Ẹ wá jẹ́ kí mẹ́gádì sùn!"

*

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, kí Ọlọ́run tí kì í tòògbé fún yín ní oorun àsùnjí. Kí ohun tó ń sáré lórí yín lóru wá ká jọ síbi ẹsẹ̀ yín, kó sì sinmi. Kí iná ẹnu ọ̀nà yín má pọ́n láé. Àdúrà tí ẹ dìde nídìí rẹ̀ láti lọ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ bá yín parí rẹ̀ sí rere.